Aṣọ Ẹ̀bùnlọlá

Apòògùn ni mí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Leeds, tí mo sì ń ṣe títí di òní, kò fàyè gba àbùmọ́: ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ ni à ń kọ sílẹ̀. Ìlànà yẹn náà ni mo fi kọ èyí. Ohun tí ojú mi kò rí, tí ọwọ́ mi kò kàn, tí etí mi kò gbọ́, n kò fi kún un. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, n kò ní bínú sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò ní gbà.

Ọdún 1983 ni èmi àti ọkọ mi, Olúgbóyèga, padà sílé. Ìjọba àpapọ̀ gbà á síṣẹ́, a sì rí ilé ní Festac, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú Close kan tó yà kúrò lára Fifth Avenue. Mo ti lóyún nígbà náà. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lára ní Leeds ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ń retí ọmọ lásán. Mo ń ṣọ́ ọ ni, bí ẹni tó gbé fìtílà kọjá nínú atẹ́gùn.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wa, tí àwọn tó kọ́ ilé náà ṣe fún ìkẹ́rùsí. Òun ni mo sọ di yàrá ọmọ. Àpótí ńlá tí a fi kó ẹrù wa wọ ọkọ̀ ojú omi ṣì wà nílẹ̀. Pákó rẹ̀ dára, n kò sì fẹ́ kó di igi ìdáná. Mo pe káfíńtà kan láti Abúlé Adó, Sùrájù lorúkọ rẹ̀. Ó tú àpótí náà, ó fá pákó rẹ̀, ó sì kàn án mọ́ ara ògiri ní pẹpẹ, ìpele márùn-ún, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kọ orúkọ wa sára àpótí ṣì hàn lábẹ́ ìpele kejì. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi láti máa rí i.

Aṣọ ọmọ tí mo rà bọ̀ ni mo tò sórí rẹ̀. Ti ọmọ tuntun wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ti ọmọ oṣù mẹ́ta tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ti ọmọ tó ń jókòó, ti ọmọ tó ń rákò, títí dé ti ọmọ tó ti ń rìn, èyí tó wà lókè. Mo ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po ní ìṣẹ́po mẹ́ta, mo sì yí ọrùn wọn síta kí orúkọ lè hàn.

Orúkọ wà lára wọn. Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní Leeds, àwọn aládùúgbò wa máa ń rán orúkọ ọmọ mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀, kí aṣọ náà má baà sọnù níbi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Rìbọ́ọ̀nù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ilé iṣẹ́ kan fi òwú pupa hun orúkọ sí. Ó wù mí. Kí a tó wọkọ̀, mo ti ní kí wọ́n hun ti ọmọ mi: Ẹ̀bùnlọlá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an mọ́ gbogbo aṣọ náà, títí kan ìbọ̀sẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá dúró tì mí. Mo mú un lọ sí yàrá náà, mo sì ń retí ìyìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

"Ó mà dáa o, ìyàwó. Ta ní ń jẹ́ Ẹ̀bùnlọlá?"

"Ọmọ náà ni, Màmá."

"Ọmọ wo?"

Mo fọwọ́ kan ikùn mi. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tí a kò tíì bí, ká má tíì sọ ti ọjọ́ kẹjọ. Ẹ ti pè é lórúkọ."

"Ayé ti yàtọ̀, Màmá."

"Mo gbọ́. Orúkọ ti wà, aṣọ ti wà, yàrá ti wà. Bí ẹlòmíì bá kọ́kọ́ dé ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ní Festac máa ń pa rọ́rọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Èèyàn lè gbọ́ omi tó ń kán nínú ilé kejì. Nínú irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo lọ gbọn eruku orí pẹpẹ. Mo mú síńgílẹ́ẹ̀tì kan nísàlẹ̀. Ó rọ̀. Mo mú òmíràn. Òun náà rọ̀. Aṣọ tuntun máa ń le díẹ̀, òórùn ṣọ́ọ̀bù a sì wà lára rẹ̀. Èyí ti di aṣọ tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Okùn bọ́tìnì rẹ̀ ti dẹ̀. Mo gbé e sí imú. Wàrà ọmú, àdí, àti òórùn àtàrí ọmọ tuntun.

Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po padà dáadáa. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́po méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀.

"Màmá, ta lẹ yá láṣọ ọmọ mi?"

"Èmi? Nínú yàrá tí n kò wọ̀?"

"Àwa mẹ́ta péré la wà nínú ilé yìí, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ó ní, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

N kò gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, n kò gba ọkọ mi gbọ́ mọ́. Ó ti ń pẹ́ níbi iṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta náà. Trade Fair, ibi ìpàtẹ ọjà, ló ní wọ́n rán òun lọ. Ọkùnrin tó bá ní ọmọ níta kò ní ra aṣọ fún un nígbà tí aṣọ wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Nígbà tó wọlé, n kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Gbóyèga, ta ló bímọ fún ọ?"

"Ìwọ náà ni. Ó ku díẹ̀."

"N kò ṣeré. Ọmọ kan ń wọ aṣọ ọmọ mi. Ṣé Abúlé Adó ló wà, àbí Trade Fair?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wá gbọ́ o! Owó oṣù tí kò ra wàrà agolo, òun ni mo fi fẹ́ ìyàwó kejì!"

Mo gbé síńgílẹ́ẹ̀tì náà sí i nímú. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹlẹ́bi náà máa ń kú báyẹn, nítorí náà n kò tú u sílẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní kí Sùrájù wá pààrọ̀ àgádágodo yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́rùn mi, lójú okùn. Mo fi ń sùn. Mo fi ń wẹ̀.

Àǹtí Rosaline ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. A pàdé nídìí okùn ìsáṣọ.

"Síṣí Leeds! Ẹ bí tán, ẹ ò pè wá. Àbí àwa ará ìsàlẹ̀ kì í jẹ ìkómọ ni?"

"Àǹtí, ẹ ò rí ikùn mi ni?"

Ó wò ó. Ó tún un wò. Aṣọ tó fẹ́ sá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro omi.

"Ta wá ni ọmọ tó ń rákò lókè wa lọ́sàn-án?"

"Rákò?"

"Àtẹ́lẹwọ́ àti orúnkún. Pà, pà, pà. Mo bímọ mẹ́fà, ìyàwó. Mo mọ̀ ọ́n."

"Lókè ibo, Àǹtí?"

Ó nawọ́ sókè. Fèrèsé yàrá kékeré náà ló nà án sí.

Mo gun àtẹ̀gùn bí mo ṣe lè gùn ún. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo yẹ pẹpẹ náà wò bí mo ṣe ń yẹ oògùn wò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Gbogbo ti ọmọ tuntun ló ti gbó. Ti oṣù mẹ́ta ti gbó. Ti ọmọ tó ń jókòó ti gbó ní ìdí. Ṣòkòtò ọmọ tó ń rákò ti fá ní orúnkún, eruku ilẹ̀ yàrá wa sì wà níbẹ̀. Ti òkè nìkan ló ṣì le, tó ṣì ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù.

Ó ń gòkè. Ohun yòówù kó jẹ́, ó ń dàgbà, ó sì ń yára ju ọmọ inú mi lọ. Láti ìgbà náà, n kò fura sí Màmá mọ́, n kò sì fura sí ọkọ mi. Ìyẹn kò fún mi ní ìsinmi. Ìbéèrè kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn: bí ẹni yìí bá ti gba orúkọ, tó gba aṣọ, tó gba yàrá, kí ni ọmọ tèmi yóò wá bá?

Gbóyèga ní kí a dáná sun gbogbo rẹ̀, àti aṣọ àti pákó.

"Kí ẹ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò?" Màmá ní. "Ìyàwó, o ní kò sí ẹnikẹ́ni. Pe orúkọ yẹn, ká gbọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn pupa wọ yàrá náà láti ojú fèrèsé. Mo dúró láàárín yàrá. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, Gbóyèga wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀bùnlọlá," mo ní.

Kò sí ìró kankan.

Lẹ́yìn náà: pà. Lábẹ́ pẹpẹ. Pà, pà, pà. Ó ń yára bọ̀, bí ọmọ ṣe máa ń yára nígbà tí ìyá rẹ̀ bá dé láti ọjà. Ó dúró lẹ́sẹ̀ mi. Ìró tí mo ró fún mọ́ mi lára, ó sì ń fà wálẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá di aṣọ ènìyàn mú láti fi dìde. Mo rí i bí aṣọ náà ṣe hunjọ ní ojú ibi méjì. Ooru ọwọ́ kékeré méjì kan orúnkún mi. Wàrà ọmú mi sì ṣàn. Ó rin bùláòsì mi gbindin.

Ọmọ inú mi ti ń ta láti òwúrọ̀. Ó dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì rí.

"Màmá, kò mira mọ́!"

"Má pè é mọ́. Sọ fún un pé kó jókòó."

"Jókòó," mo ní. Ohùn mi kò jọ tèmi. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Jókòó."

Ìró mi tú díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí ọmọ inú mi tó ta mí nípàá.

Obìnrin ni mo bí. Igbe rẹ̀ gba ilé ìwòsàn kan. Ògbólógbòó ìró Màmá ni a fi wé e, aṣọ àlòkù àwọn ọmọ Àǹtí Rosaline ni a sì fi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì wù mí. Òun ni mo fi sínú nígbà tí oyún méjì lọ. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dànù. Màmá kò bá mi jiyàn. Gbóyèga fi tó pásítọ̀ létí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, pálọ̀ wa kún. Pásítọ̀ gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí ìyá ọmọ pe orúkọ rẹ̀. Mo la ẹnu. Nínú yàrá tí mo tì pa, mo gbọ́ ọ: pà, pà, pà. Ó wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dúró. Ó ń dúró kí n pe òun. Àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Àǹtí Rosaline nìkan ló gbórí sókè.

"Àjíkẹ́," mo ní.

Pásítọ̀ wojú mi. "Ẹ̀bùnlọlá tí ẹ sọ fún wa ńkọ́?"

"Ó ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ," Màmá dáhùn, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí aṣọ ìpele òkè náà gbó tán. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ibà mú Àjíkẹ́. Gbogbo oògùn tí mo mọ̀ ni mo lò. Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Mo jáde lọ ra gáùn kan, ti ọmọ ọdún méjì. Mo rán rìbọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn lọ́rùn, mo gbé e sórí pẹpẹ, mo sì tìlẹ̀kùn. Ibà náà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò sọ pé èyí ló fa ìyẹn. Mo ń sọ bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni.

Láti ìgbà náà, méjì-méjì ni mo ń ra aṣọ. Gbóyèga kì í béèrè. Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n bó bá fi iṣu ránṣẹ́, ó máa ń fi fìlà ọmọ méjì sínú àpò náà. Àjíkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún yìí, 1989. A kò bá a sọ̀rọ̀ yàrá náà rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹrù ló wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú un lọ́wọ́ lọ sí ọjà Festac láti ra aṣọ ilé ìwé. Mo ní kí obìnrin náà fún mi ní méjì, kí ìkejì tóbi díẹ̀ ju ti Àjíkẹ́ lọ.

"Ìbejì ni, mà?"

"Rárá. Èkejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n."

Ó na aṣọ kan sókè kí n wò ó. Mo ti fẹ́ gbà á. Àjíkẹ́ gbé ojú sókè, ó wò ó dáadáa, ó sì mi orí.

"Mọ́mì, kò ní wọ̀ ọ́," ó ní. "Ó ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó mú òmíràn tó tóbi jù ú lọ wá. N kò wo ojú ọmọ mi. Mo sanwó, mo sì ní kó dì í fún mi.