Onífèrè àti Onífèrèsé

Èèyàn méje ni káfíńtà bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkọrin kan. Gbogbo wọn nà gbalaja, wọ́n dijú, ìwé ńlá kọ̀ọ̀kan wà lórí ikùn wọn. Láàárín wọn ni obìnrin kan ti ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó há fèrè fàdákà mọ́ abíyá bí ẹni tó ń ṣọ́ oko àgbàdo.

"Mo gbé!" Òòlù bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. "Kí ló pa wọ́n?"

Àwọn òkú bú sẹ́rìn-ín. Ìwé méje já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọn ò kú," obìnrin náà dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí ni."

"Mímí tí Ọlọ́run ti kọ́ gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ó dáa, ẹ mí ká rí."

Káfíńtà fa èémí, àyà rẹ̀ yọ síta bí ti àkùkọ. Obìnrin náà mirí. "Èjìká lẹ fi ń mí. Ikùn ló ni iṣẹ́ yẹn. Kí lẹ bá wá?"

"Wọ́n ní kí n wá tún fèrèsé tó jẹrà ṣe."

"Ìyẹn ni pé èmi ni mo ni fèrè, ẹ̀yin lẹ ni fèrèsé. A ò ní jà sí i."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Ó ń fá pákó, etí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ìgbájú ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Fèrè yìí kì í jágbe mọ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àṣìṣe, á dúró díẹ̀, á wá béèrè pé, "Kí lo gbọ́?" Akẹ́kọ̀ọ́ á ronú, á tún un fọn, ojú rẹ̀ á sì là.

"Kí ló dé tẹ́ ò kàn sọ fún wọn?" káfíńtà béèrè lọ́jọ́ kan.

"Tí mo bá sọ ọ́, tèmi ni. Tí wọ́n bá fetí ara wọn gbọ́ ọ, ó di tiwọn."

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Káfíńtà, fèrèsé tẹ́ ẹ kàn lánàá lẹ tún ń tú yìí."

"Kò tíì wù mí ni."

"Kí ni kò tíì wù yín?"

"Kí n lọ."

Àǹtí Fèrè fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń jò láàárín ìka rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, tí káfíńtà sì di "Káfíńtà mi".

Àmọ́ bàbá Àǹtí Fèrè kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbà kọjá wẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní fèrè, rúlà ló sì fi kọ́ ọ. Bó bá ti ṣì í, rúlà á ti dé ìka. Nígbà tí káfíńtà wá sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ yìí. Ẹni tí kò mọ dò yàtọ̀ sí mí nínú ohùn orin kò ní gbé e lọ. Lọ kọ́ fèrè. Tó bá di oṣù mẹ́ta sí òní, wá fọn orin kan kí n gbọ́."

Inú káfíńtà dùn. Ṣebí olólùfẹ́ òun ni olùkọ́! Ṣùgbọ́n Àǹtí Fèrè káwọ́ gbera.

"Mi ò ní kọ́ ẹ."

"Kí ló dé, olólùfẹ́ mi?"

"Fèrè tí wọ́n ń fọn torí ìbẹ̀rù bàbá mi, mo ti fọn ọ́n rí. Tó bá wù ẹ́ fúnra rẹ, máa bọ̀. Tó bá jẹ́ torí mi, rárá."

"Àbí o ò fẹ́ ká fẹ́ra ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ó bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò yọjú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fá ẹsẹ̀ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń súfèé. Lójijì ó gbọ́ ọ: ohùn kan ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un sú títí ó fi gún. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó dá rẹ́rìn-ín. Eruku pákó wà lórí rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkọrin.

"Ó wù mí," ló wí. "Ó ti ń wù mí tipẹ́, mi ò mọ̀ ni."

Àǹtí Fèrè mú ìwé kan nílẹ̀. "Ó pẹ́ kó o tó dé. Ó yá, sùn sílẹ̀."

Ọjọ́ pé. Bàbá jókòó sínú pálọ̀, rúlà wà lórí orúnkún rẹ̀. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n láàárín orin, ohùn kan já. Rúlà dún lára àga: pàá!

Káfíńtà gbé fèrè kúrò lẹ́nu. "Mo gbọ́ ọ, bàbá. Èémí mi ló tán kí n tó dókè. Ẹ jẹ́ n tún un fọn."

Ó mí, ó tún un fọn. Ohùn náà dúró ṣinṣin.

Bàbá gbé rúlà padà sórí orúnkún. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni," ló wí. "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló mọ ìgbà tí mo máa bínú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ṣì í." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ bó o ṣe ń kọ́ni yìí?"

"Ìka mi ni, bàbá."

Arúgbó náà na ọwọ́, ó gba ìka ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Má bínú, ọmọ mi." Ó wá na rúlà sí káfíńtà. "Gbà. Ìwọ lo mọ ohun tí wọ́n ń fi èyí ṣe. Fi wọn pákó ilé yín."

Bí wọ́n ṣe jáde, orí àtẹ̀gùn ni Àǹtí Fèrè ti dúró. "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ wo ti kí ni?"

"Ìgbéyàwó wa."

"Háà! Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè."

"Ó dáa, béèrè."

Ó wúkọ́ díẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ṣé o ò rí i pé ọjọ́ ni mo ń mú?"

Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti fẹnu kò sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ra. Wọn ò sún un síwájú, wọn ò sún un sẹ́yìn.