Mi Ò Mọ Bàbá Yẹn

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, bóyá orí afárá Ìyànà Ìpájà ni ẹnì kan ti nà án sí ọ, tí o sì ti ń wá ibi tí wàá jù ú sí. Dúró ná. Kì í ṣe ìtàn ọ̀mùtí ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ti adigunjalè. Báyọ̀dé tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ọmọ dáadáa ni gbogbo àdúgbò wọn ní Ayọ̀bọ̀ ń pè é.

Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, Abraham. Géètì àti wíńdò ló ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìkọ̀tun. Iná iṣẹ́ náà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó sì ti dá àpá sí i lápá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ló fi rán Báyọ̀dé lọ sí pólì. Nígbà tó tó àkókò tí ilé-ìwé ní kí àwọn ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lóde, èyí tí wọ́n ń pè ní áítì, Báyọ̀dé wá báǹkì títí, kò rí. Bàbá rẹ̀ ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún oníbàárà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní olú-iléeṣẹ́ báǹkì kan, ọkùnrin tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fóònù ẹ̀ka wọn ní Ìkọ̀tun, ọmọ sì wọlé.

Kí ni iṣẹ́ ọmọ áítì ní báǹkì ná? Wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan owó. Ó ń bá àwọn àgbàlagbà kọ fọ́ọ̀mù, ó ń fi ibi tí ìlà wà han èèyàn, ó sì ń sáré ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n táì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára, àwọn ìyá arúgbó sì ń pè é ní "mánijà wa." Kò pẹ́ tí orí ọmọ fi wú.

Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń ṣe áítì níbẹ̀. Èkejì ni Fẹ́kọ́mi, ọmọbìnrin kan tó máa ń sọ láìtijú pé òkìrìkà, aṣọ àlòkù, ni ìyá òun ń tà ní ibùdókọ̀ Pleasure. Nígbà tí ọ̀gá wọn, Madam Súmbọ̀, bi Báyọ̀dé léèrè bàbá rẹ̀, ó ní ẹnjiníà ni, Kánádà ló ń gbé. Inú Madam dùn. Ó ní irú ọmọ ilé ire bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń wá, pé bó bá jáde ní pólì, òun á bá a wá àyè gidi. Àwọn àgbà sì sọ ọ́, pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Báyọ̀dé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ ń jó irin lọ́wọ́ nígbà tí apá rẹ̀ kan kú tipiri, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Báǹkì ọmọ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, ó sì wọ́ ẹsẹ̀ débẹ̀ kí ọmọ lè gbé e lọ sí ọsibítù.

Ilẹ̀kùn báǹkì ò gba irin, irin ló sì kún àpò wẹ́dà. Ilẹ̀kùn há a mọ́ àárín, ẹ̀rọ ń pariwo pé kó padà sẹ́yìn. Mégáàdì ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún un.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń wá?"

"Ọmọ mi ni. Òun nìyẹn, onítáì pupa yẹn. Báyọ̀dé!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Ẹ̀gbẹ́ Báyọ̀dé gan-an ni Madam Súmbọ̀ dúró sí. "Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

Báyọ̀dé wo bàbá rẹ̀. Ó wo ojú tó dúdú fún èéfín, ó wo ṣòkòtò tí iná ti lu, ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń fà lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì í.

"Rárá, mà," ló wí. "Mi ò mọ bàbá yẹn. Ó jọ pé wọ́n ti mutí ṣá."

Bàbá gbọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì kọjú sí mégáàdì. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Mo rò pé ọmọ mi ni."

Ó yí padà, ó lọ. Báyọ̀dé tẹ̀síwájú nínú fọ́ọ̀mù tó ń kọ fún ìyá kan. Ó ní bí òun bá délé, òun á bẹ bàbá, bàbá á sì gbọ́, nítorí kò sígbà kan tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bàbá kò dé ibùdókọ̀ tó fi ṣubú. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé e lọ sí ọsibítù.

Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí ìròyìn fi kan Báyọ̀dé tó sì débẹ̀, bàbá la ojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni. Báyọ̀dé dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, èmi rèé. Ẹ forí jì mí. Kódà kẹ́ ẹ bú mi, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀!"

Òkè àjà ni bàbá ń wò. Ó di ọ̀rún, ó kú.

Àwọn aládùúgbò wá kí wọn, wọ́n ń sọ fún Báyọ̀dé pé ó ṣe ọmọ fún bàbá rẹ̀. Kò lè jẹun, kò lè sunkún lójú èèyàn. Ó ránṣẹ́ sí báǹkì pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló kú. Ẹ wò ó, lórí òkú náà ni ó tún ti purọ́.

Fẹ́kọ́mi béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ilé wọn láti kí i. Ó rí fọ́tò tó wà lára ògiri, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Báyọ̀dé, bàbá ọjọ́ yẹn rèé."

"Bàbá mi ni," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. "Wọn ò dá mi lóhùn, Fẹ́kọ́mi. Títí wọ́n fi kú."

Ọmọbìnrin náà jókòó. "Wọn ò sì ní dá ẹ lóhùn mọ́. Mi ò ní tàn ẹ́ jẹ. Àmọ́ kì í ṣe bàbá ẹ nìkan lo sẹ́. O ti ń sẹ́ Ọlọ́run tipẹ́, nítorí ojú ayé lo ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun lo ṣì lè bá sọ̀rọ̀. Jésù kú fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an."

"Irú èmi yìí?"

"Ìwọ náà ni."

Báyọ̀dé kúnlẹ̀. "Jésù, mo sẹ́ bàbá mi, mo sì ti ń sẹ́ ẹ̀yin náà. Mi ò ní àwíjàre kankan. Ẹ má lé mi." Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Jésù gbọ́ òun, ó sì di ti Kristi lọ́jọ́ náà.

Ó sọ òótọ́ fún Madam Súmbọ̀, ìlérí iṣẹ́ sì parí síbẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọ yàrá. Ó ń bu oúnjẹ fún un títí dòní, ṣùgbọ́n kò tíì pè é ní ọmọ mi láti ìgbà náà.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ: ìdáríjì Ọlọ́run kò jí òkú bàbá Báyọ̀dé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ náà sì ń bá a jẹun, ó ń bá a sùn. Bí ó ti rí ìgbàlà tó, àwọn ohun kan ti bọ́.

Ìwọ ńkọ́? Jésù ti ń pe orúkọ rẹ, ìwọ sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níwájú ẹgbẹ́ rẹ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò ké pè é. Bó bá ní òun kò mọ̀ ọ́ rí, ta lo tún fẹ́ lọ bá?

Ronú pìwà dà lónìí. Bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá ṣì wà láàyè, lọ bá a. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níbi tí o wà; bí kò bá sí àyè ìkúnlẹ̀, dúró bẹ́ẹ̀ kí o bá Jésù sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ báyìí. Ọ̀la ni mi ò lè ṣèlérí rẹ̀ fún ọ.