Omi Inú Ògiri

Ẹsẹ̀ méjì ni Adédìran kọ́kọ́ rí. Bàtà funfun olókùn ló wà níbẹ̀, wọ́n yọ jáde lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, omi ọṣẹ sì dúró yí wọn ká bí adágún. Àwọn ìyá ìjọ ti ká ìró sókè, wọ́n ń pe Jésù. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni.

"Ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn," ohùn obìnrin kan wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan iná fóònù yín síbí."

Adédìran kúnlẹ̀ sínú omi tòun ti ṣòkòtò ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀.

"Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i," obìnrin náà wí.

"Omi yìí mà tutù o."

"Èmi tí mo sùn sínú ẹ̀ ńkọ́?"

Ìkòkò ńlá kan ló ti kọlu páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ síǹkì, oríkèé rẹ̀ sì tú. Obìnrin náà dá a padà, ó fún un le, ó sì fọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́.

"Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ báyìí?"

"Rárá o."

"Omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dúró níbi tó tẹ̀ yìí nígbà gbogbo. Òun ni kì í jẹ́ kí òórùn kòtò ẹ̀gbin bá páìpù gòkè wá. Omi tí kò kún ife kan ló ń ṣọ́ odindi ilé."

Adédìran wo páìpù náà. Apòògùn ni ní hospital kan ní Decatur, nílẹ̀ òyìnbó. Ó mọ gbogbo ọ̀nà tí oògùn ń gbà nínú ara. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń fọ ọwọ́ lórí irú páìpù yìí, kò sì béèrè rí. Ó wo obìnrin náà, tí ọṣẹ wà nínú irun rẹ̀, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀.

Olúwafẹ́misí lorúkọ rẹ̀. Ọdún méje ló fi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì insurance kan ní Smyrna. Nígbà òtútù kan, páìpù bẹ́ nínú apartment rẹ̀. Bàbá àgbà kan tó ń tún páìpù ṣe, Mr. George, gbé àpò irinṣẹ́ dé. Kò tó wákàtí kan, ó ti ṣe é tán, ó ti lọ. Fẹ́misí dúró síwájú ògiri, ó ń wá ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún méje náà tí òun parí nǹkan, tí òun sì fi ojú ara òun rí i pé ó parí. Kò rí i. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, ó ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ti di ọmọ iṣẹ́ Mr. George.

"Ẹ̀rù ò bà yín?" Adédìran bi í.

"Ó bà mí. Mo gbé e dání lọ síbi iṣẹ́ náà ni."

Lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá sí ní shift, Adédìran a tẹ̀lé e lọ wo iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, Fẹ́misí fi iná jó oríkèé páìpù kọ́pà, ó sì fi wáyà rírọ̀ kan tó ń dán, èyí tí wọ́n fi ń lẹ páìpù pọ̀, kàn án láti ìsàlẹ̀. Wáyà náà yọ́. Dípò kó kán sílẹ̀, ó gòkè wọ inú oríkèé náà, ó sì yí i po.

"Ó gòkè," ni Adédìran wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ibi tó bá gbóná ló ń lọ. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀."

"Bíi tèmi."

"Ìwọ? O ò tíì yọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni."

Ọ̀dọ̀ Mummy, ìyá Adédìran, ni ìfẹ́ wọn ti kọsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà rẹ̀, oyè ni wọ́n fi ń pe ìyàwó ilé kí wọ́n tó pe orúkọ: dókítà lọ́tùn-ún, lọ́yà lósì. Nígbà tó béèrè iṣẹ́ Fẹ́misí lórí fóònù, Adédìran dáhùn kíá pé, "Ẹnjiníà ni, Mummy."

Ọjọ́ tí Adédìran mú un wá, Fẹ́misí kúnlẹ̀ kí Mummy.

"Ẹnjiníà wa, dìde, ọmọ mi. Gbogbo àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà mi ló ń kí ọ."

Fẹ́misí wo Adédìran. Adédìran wo ilẹ̀.

"Pulọ́ńbà ni mí, mà. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni."

"Pulọ́ńbà. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tibẹ̀ gan-an."

Oúnjẹ tutù lórí tábìlì.

"Kì í ṣe Mummy ló dùn mí," Fẹ́misí wí nínú mọ́tò. "Àwọn ò mọ̀. Ìwọ mọ̀. O wá fi orúkọ bò mí bí ẹni fi aṣọ bo àga tó gbó."

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ ni."

"Ẹni tí wọ́n máa gbà yẹn, èmi kọ́."

Fẹ́misí sọ̀kalẹ̀. Fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbé fóònù.

Ibi tí èèyàn bá so nǹkan sí ni yóò ti tú u. Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, Adédìran wọ pálọ̀ ìyá rẹ̀, níbi tí àwọn ìyá mẹ́fà ti ṣí Bíbélì.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa fún Mummy. Fẹ́misí kì í ṣe ẹnjiníà. Pulọ́ńbà ni. Òun ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, èmi lojú ń tì. Òun náà ni mo sì fẹ́ fẹ́."

Màmá Joanna, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́kọ́ fèsì.

"Pulọ́ńbà? Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wá ọ̀kan, tí wọn ò wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àyàfi Mummy. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Mr. George ti sọ fún mi."

"Lọ yọ mọ́tò síta."

Ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán ni, ní Forest Park. Kò tíì ní ògiri, igi nìkan ló dúró, páìpù sì gba àárín wọn kọjá, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń yà. Fẹ́misí nìkan ló to gbogbo rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ kún páìpù, wọ́n sì de géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ inú géèjì náà kò gbọ́dọ̀ mira fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá mira, ibì kan ń jò. Ọkùnrin tí county, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, rán wá yẹ iṣẹ́ wò dúró tì í, Mr. George náà sì wà níbẹ̀.

Fẹ́misí kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Mummy, ojú rẹ̀ sì padà sórí géèjì.

"Mo ti sọ òtítọ́ fún gbogbo wọn," ni Adédìran wí. "Mo wá bẹ̀ ọ́. Mo sì wá bi ọ́ bóyá o máa fẹ́ mi."

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Dúró."

Adédìran dúró. Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn igi, ó ń fi ìka tọ páìpù kan láti ìdí síǹkì títí dé òkè.

"Ìwọ nìkan lo ṣe èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n á sì fi ògiri bò ó?"

"Lọ́jọ́ Ajé, mà."

"Kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Kò sí, mà. Wọ́n á kàn ṣí ẹ̀rọ, omi á sì yọ."

Mummy gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù náà bí ẹni gbé e lé àyà aláìsàn.

"Ogójì ọdún ni mo fi wá iṣan lára èèyàn," ó wí. "Mo rò pé Ọlọ́run nìkan ló ń to nǹkan báyìí. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Abẹ́rẹ́ kò mira. Ọkùnrin county fọwọ́ sí ìwé, ó lọ.

Mr. George yọ pẹ́ńsù tó há sí etí rẹ̀, ó nà án sí Fẹ́misí. Àṣà rẹ̀ ni: ọmọ iṣẹ́ tó bá dá iṣẹ́ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń kọ orúkọ sára igi kí ògiri tó bò ó. Fẹ́misí kọ tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà pẹ́ńsù náà sí Adédìran.

"Kọ tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ìdáhùn mi nìyẹn."

Adédìran kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n gbé ògiri bo orúkọ méjèèjì, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá títí dòní.