Àtẹ́lẹwọ́ Tó Wà Léjìká Àbúrò Mi

Àbúrò mi kì í gba ẹnu ọ̀nà kọjá tààrà mọ́. Tó bá dé ibẹ̀, á tẹ orí ba, á yí ẹ̀gbẹ́, á rọra wọlé bí ẹni tí ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ gbá igi ilẹ̀kùn. Tó bá jókòó, kì í fẹ̀yìn ti àga. Ojú ni mo fi ń wọn nǹkan jẹun, nítorí náà mo tètè rí i, mo sì sọ fún ara mi pé tátù tuntun tó fín ló ń dùn ún.

Aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú ilé mi ni mo ti ń rán kọ́tìnì fún àwọn ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì, ẹnu mi sì mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ; gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Àbúrò mi yìí nìkan ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi. Ọ̀dọ̀ mi ló kó wá nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin ni ọmọ náà. Pẹ́pẹ́yẹ là ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń ju ìdí tó bá ń rìn. Bàbá rẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí i, torí náà èmi ni bàbá, èmi náà ni ìyá àgbà. Abẹ́ kọ́tìnì tí mo bá ń rán lọ́wọ́ ló máa ń sá pamọ́ sí nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ mi. Màmá Kọ́tìnì ló máa ń pè mí. Ibà ló mú un lọ, ibà lásán tí a rò pé yóò lọ bó ṣe dé.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ náà ń lọ, wọ́n ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ọ̀dà rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bébà yẹn ni àbúrò mi gbé lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fín tátù lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ní kó fín àtẹ́lẹwọ́ náà sí èjìká òun ọ̀tún, bó ṣe mọ gẹ́lẹ́, kí orí àwọn ìka kọjú síwájú, kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ máa ń dì mú nígbà tó bá pọ̀n ọ́n. Nígbà tó dé pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú tátù náà, mo kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Lẹ́yìn náà mo rí bí àwọn ìka náà ṣe kéré tó, mo bú sẹ́kún.

Ọwọ́ rẹ̀ ò tó ẹ̀yìn èjìká, nítorí náà èmi ni mò ń bá a tọ́jú rẹ̀. Oní-tátù ti sọ bí a ó ṣe máa ṣe é. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn ni ká fi fọ̀ ọ́, ká fi bébà mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ká má nù ún. Ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ká fi sí i, kì í ṣe bí ẹni tó ń kun ògiri. Kó má rí oòrùn. Tó bá ń yún un, kó má họ ọ́. Èépá, kó fi sílẹ̀ kó bọ́ fúnra rẹ̀. Mo tilẹ̀ rán ẹ̀wù kan fún un tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí aṣọ má baà máa gbo ó. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń bó wẹ́wẹ́, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Àfi bí mo ṣe rí ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òun fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn ni. Mo gbà á gbọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀, mo tún gbà á gbọ́.

Ìgbà tó yá ni mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn ò padé dáadáa. Ó dúró síwájú dígí, ó ń fi èékánná ṣí èépá náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ sí àyà rẹ̀, kò sì sí ìrora kankan lójú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dì mí mú," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dì mí mú dáadáa."

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

Kò ta gìrì. "Àǹtí, ẹ má pariwo. Ó ń sùn."

"Ta ló ń sùn?"

Ó jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì rọra ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Látọjọ́ tí wọ́n ti fín in ló ti wà lẹ́yìn mi. Ó wúwo bó ṣe máa ń wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Àmọ́ bí ẹ ṣe ń fi ìpara yẹn sí i tí ojú ibẹ̀ ń gbẹ, ṣe ló ń tú ọwọ́ sílẹ̀. Ìka tó kéré jù ti tú. Tí gbogbo rẹ̀ bá jinná, á já bọ́. Àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìpara sí i mọ́."

"Ọ̀fọ̀ ló ń bá ọ jà," mo wí. "Òkú ò lọ́wọ́ tó fi ń di ènìyàn mú."

Ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn. Àmọ́ fèrèsé wà ní títì, kò sí afẹ́fẹ́ kankan, irun wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ sì ń dìde, ó ń sùn padà, ó ń dìde, ó ń sùn padà, bí ìgbà tí ẹni tó sùn bá ń mí sí i. Mo mú ìgò ìpara, mo jáde, mi ò sì sọ ohun tí mo rí fún un.

Kò pẹ́ tí èjìká náà fi wú. Ó ń rùn, ìlà pupa kan sì ti ń gba ibẹ̀ bọ̀ wá sí àyà rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì, tí oró yìí bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀," ó wí. "Ẹ rí i pé ó ń lo oògùn, ẹ fi ìpara yìí sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kàn án."

Bí a ṣe délé, àbúrò mi tu oògùn náà sílẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. "Ó dá lọ nígbà àkọ́kọ́, Àǹtí. Kò ní dá lọ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo gba ọ̀dọ̀ oní-tátù lọ. Yàrá kékeré ni, ó ń rùn fún spírítì. Ọkùnrin náà ń fọ ọwọ́ rẹ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé kò sí fínfín kankan lára òun alára. Kò yà á lẹ́nu nígbà tí mo rò fún un.

"Mo kìlọ̀ fún un," ló wí. "Mo ní kó jẹ́ kí n wo bébà náà ya tèmi. Ó kọ̀. Bébà yẹn gan-an ló ní kí n tẹ̀ mọ́ ara òun kí n tó fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyá, àwòrán ènìyàn yàtọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀."

"Tó bá jinná ńkọ́?"

"Á lọ."

"Ṣé ó tán nìyẹn?"

Ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọn tó bá lọ báyìí kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí wọ́n bá dì mú ni wọ́n máa ń mú lọ."

Ó yẹ kí n bi í pé kí ni yóò mú lọ. Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mo pòṣé ni, mo ní ẹni tó fẹ́ gba oníbàárà lówó lẹ́ẹ̀kejì ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, mo sì bá tèmi lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún mi láyé, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ohun tó lè dá mi dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo lọ oògùn rẹ̀ kúnná, mo fi èyí tó ń múni sùn kún un, mo pò ó mọ́ tíì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí," ó sì mu ún tán. Nígbà tó sùn lọ, mo gé kọ́tìnì kan tí oníbàárà kò wá gbà mọ́, mo fi òwú tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà bó o lára, mo fi so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fọ ojú egbò náà. Mo fi ìpara sí ìka ìfábẹ̀lá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á.

Ohun kan di ìka mi mú.

Ó kéré, ó gbóná, ó lóòógùn díẹ̀ bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sí nǹkan tí mo rí níbẹ̀ ju ìpara àti ẹ̀jẹ̀ lọ, àmọ́ ìka mi ò ṣeé fà. Ohùn kan sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọrùn àbúrò mi, ohùn tó máa ń ti abẹ́ kọ́tìnì pè mí.

"Màmá Kọ́tìnì. Ẹ gbé mi."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé etí mi ló ń hó. Mo gbọ́. Mo sì lè dáwọ́ dúró. Mo lè ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo wo àbúrò mi, bí ètè rẹ̀ ṣe gbẹ, bí èémí rẹ̀ ṣe ń já, mo sì ń pa ìpara náà lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ń sunkún jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ti mọ̀ pé wọn ò ní dá òun lóhùn. Ó dì mí mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn.

Láti ìgbà náà, èjìká ọ̀hún ò bá wa fa wàhálà mọ́. Ìlà pupa náà fà sẹ́yìn, ibà lọ, èépá bọ́ fúnra rẹ̀ bí oní-tátù ṣe wí. Mo tú ọwọ́ àbúrò mi sílẹ̀. Ó ń sùn, ó ń jẹun, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, mo sì rò pé ó ti dárí jì mí.

Ó wá sí yàrá iṣẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Àǹtí," ó wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, "ta ló fín àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé sí mi léjìká? Àbí mo mutí ni?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí àwàdà níbẹ̀. Mo fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo mú fọ́tò Pẹ́pẹ́yẹ fún un, èyí tó fi kọ́tìnì wé orí bí ìyàwó. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ wo bó ṣe dúró bíi pẹ́pẹ́yẹ! Ó mà rẹwà o. Ọmọ ta ni?"

Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti ń kún padà. Ẹnu mi tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, kò rí òótọ́ sọ.

"Ọmọ oníbàárà mi kan ni."

"Kí Ọlọ́run dá a sí fún wọn," ó wí, ó sì dá fọ́tò náà padà fún mi.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiwa kọ́kọ́ kú. Èmi ni mo wá jẹ́ kó nù, tó mú gbogbo ìrántí ara rẹ̀ kúrò lọ́kàn ìyá rẹ̀ lọ. Mo ti lọ bẹ àwọn ará ilé, mo bẹ àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n má dárúkọ ọmọ náà létí rẹ̀. Àánú ni wọ́n rò pé mò ń ṣe. Wọ́n ń kí mi kú ìtọ́jú, ojú sì ń tì mí.

Ibi tí èékánná Pẹ́pẹ́yẹ ti wọ̀ mí ní ìka kò tíì san. Tí mo bá ń ránṣọ, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé nǹkan rọ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí ó ń yún mi, èépá ti bò ó, ohun tó rọ̀ mọ́ ọn sì ti fúyẹ́. Àbúrò mi rí i. Ó lọ mú ìpara tó ṣẹ́ kù.

"Àǹtí, ẹ mú ọwọ́ wá," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n bá yín fi díẹ̀ sí i."

Mo ní kó má ṣèyọnu, mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ tí mò ń rán. Nígbà tó jáde tán, mo fi èékánná ṣí èépá náà kúrò, mo sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó dì mí mú.