Àkùkọ Alímọ̀ṣọ́

Fàthíà Oyèkúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú gbohùngbohùn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìgàndò ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ètò òwúrọ̀ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láti Ìkòtún dé Ìpájà. Ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lọ́jọ́ yìí, ẹlòmíì ti kọ ṣáájú rẹ̀. Àkùkọ Alímọ̀ṣọ́ ló ń pe ara rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, àwòrán àkùkọ tó dé fìlà ló fi bo ara. Ó ti gbé e jáde pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Fàthíà bí kì í ṣe ọmọ ọkọ rẹ̀. Ó lẹ fọ́tò ọmọ náà mọ́ ọn, tòun ti aṣọ iléèwé lọ́rùn. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tó máa ń fi parí ìkọ rẹ̀ parí: òmìnira ọ̀rọ̀ ni.

Kí oòrùn tó mú, ọ̀rọ̀ ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é, kò bú u, kò sì kí i. Ó kàn ní òun ń bọ̀ wá wo imú ọmọ náà dáadáa. Zikrullah, ọkọ rẹ̀, káfíńtà ní Ìkòtún, ní òun ò gba irú rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti iléèwé dé, ó ní òun ò lọ mọ́, pé wọ́n ń bi òun léèrè ta ni bàbá òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Olúwagbénga pè é. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní ọ́fíìsì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹgbẹ́dá. Kì í bọ́ kóòtù kódà bí oòrùn bá ń yan páànù, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa fọ orúkọ tó dọ̀tí. Ó bá Fàthíà kẹ́dùn bí ẹni tí wọ́n jọ bí. Ó ní òun mọ ẹni tó mọ ẹni tó mọ Àkùkọ. Tí Àǹtí Fàthíà bá ti lè wá owó ọṣẹ díẹ̀, òun á bá a bẹ̀ ẹ́ kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé Fàthíà tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ mọ́ra, òun sì sunkún níbẹ̀ títí ojú òun fi wú.

Lọ́jọ́ kejì, Àkùkọ tún kọ. Ó ní kí ará ìlú bá òun kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó sọ ilé ìyàgbẹ́ di ilé ẹkún. Fàthíà kà á, ó tún un kà. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Inspẹ́kítọ̀ Charity ló bá níbẹ̀, obìnrin ará Ẹdó tó ti gbé Ìpájà pẹ́ débi pé òwe Yorùbá ló fi ń já èèyàn lẹ́nu. Níwájú rẹ̀ ni Honorébù Múdàṣírù, káńsílọ̀ kan láti Ìkòtún, ti ń fọwọ́ lu tábìlì. Àkùkọ ti kọ ọ́ nípa òun náà pé ó ta ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Irọ́ gbáà ni. Ìyá náà wà ní Ìbàdàn, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n Àkùkọ nìkan kọ́ ni Honorébù fẹ́ kí wọ́n mú. Ó tún fẹ́ kí wọ́n gbé aránṣọ kan tó ya fọ́tò gọ́tà tó dí ní àdúgbò wọn, tó sì kọ orúkọ Honorébù sí abẹ́ rẹ̀.

"Ṣé gọ́tà yẹn dí lóòótọ́?" Charity bi í.

"Ó dí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa ṣe é?"

Honorébù ní àsìkò ìbò lòun sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà. Aránṣọ yẹn ò ṣẹ ẹnì kankan. Ẹni tó sin ìyá yín láàyè là ń wá."

Fàthíà wá béèrè lọ́wọ́ káńsílọ̀ bóyá ó mọ ẹnì kan ní Ẹgbẹ́dá tó ń fọ orúkọ. Honorébù wo ilẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí Àkùkọ kọ́kọ́ kọ nípa gọ́tà náà, òun ń san owó ọṣẹ lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀. Oṣù tí òun ò san án mọ́ ni ti ìyá òun jáde.  Charity wá ní kí àwọn méjèèjì pe Gbénga lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú wọn sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún un, kí wọ́n má sì sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

"Irọ́ kékeré ni o, sà," ó kìlọ̀ fún Honorébù. "Kì í ṣe ti ìpolongo ìbò."

Múdàṣírù sọ fún Gbénga pé òbúkọ kan fi ìwo kan òun ní ìdí, òun ò lè jókòó ní ìpàdé mọ́. Fàthíà ní òun fẹ́ fi rédíò sílẹ̀, kí òun lọ máa ta ẹja yìnyín ní Kútọnu. Gbénga kẹ́dùn pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀mejì: òbúkọ ti bá àwọn olùdìbò gbẹ̀san lára káńsílọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń lọ fi ohùn dídùn polówó ẹja. Charity rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dé fìlà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Gbénga ti rí ọkọ̀ ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé. Kí wọ́n tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tán, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí títì, ó ti kó sínú kẹ̀kẹ́. Kóòtù nìkan ni wọ́n bá lórí àga, àti kọ̀ǹpútà tí kò ráyè pa, tí àkùkọ onífìlà ṣì ń wo gbogbo wọn láti ojú rẹ̀.

Ìbá bọ́ pátápátá ká ní ó lè dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi aṣọ ìnura wé ojú, ó fi ẹ̀rọ yí ohùn rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó sì jáde ní tààràtà lórí Fesibúùkù, pé wọ́n fẹ́ di ará ìlú lẹ́nu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń sọ fún un pé kó máa kọ lọ, Àkùkọ wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn dé góńgó ni olóògùn eku kan ti ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá lábẹ́ fèrèsé, tí gbohùngbohùn rẹ̀ ń ké pe àwọn ará Gowon Estate pé oògùn eku ńlá àti eku kékeré ti dé. Charity, tó ń wò ó nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìpájà, ní kí dẹ́rẹ́bà yí orí ọkọ̀ padà.

Olóògùn eku ló júwe àwọn òpópónà tó ti gbà kọjá. Ní ilé kan níbẹ̀, Adébùnmí, ẹ̀gbọ́n Gbénga, ló ṣílẹ̀kùn. Àbúrò rẹ̀ ti sọ fún un pé ìsinmi lòun wá lò. Charity bi í bóyá Gbénga wà nílé. Adébùnmí wo àwọn ọlọ́pàá, ó ní díákónì lòun ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò lè purọ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ló wí.

Ní àgọ́, Gbénga kọ́kọ́ gbé àyà. Ó ní òfin fún òun láyè láti sọ̀rọ̀, pé gbajúmọ̀ tí kò bá fẹ́ èébú kó lọ jókòó sílé. Fàthíà àti Honorébù wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́.

"Nígbà tó o kọ́kọ́ kọ nípa gọ́tà Honorébù, ta ló mú ẹ?" Charity bi í.

"Kò sẹ́ni."

"Kí ló dé tó o fi pa á rẹ́?"

Gbénga bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Mo ní, kí ló dé?"

"Ó sanwó."

"Irọ́ lo fi ń dẹ́rù bà wọ́n, òtítọ́ lo wá ń tà fún wọn. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ fún ará ìlú?"

Ibẹ̀ ló ti rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun gan-an ni Àkùkọ, pé kò sẹ́ni kankan láàárín, pé òun ń da ẹrẹ̀ sí orúkọ láàárọ̀, òun á wá ta ọṣẹ lọ́sàn-án. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ Fàthíà, òun kàn jókòó rò ó ni. Honorébù dìde pé òun fẹ́ máa lọ. Ó rọra bi Fàthíà bóyá ó máa gbé ti owó ọṣẹ òun sáfẹ́fẹ́.

"Ẹ lọ ṣe gọ́tà yẹn, sà," Fàthíà dá a lóhùn. "Màá sì gbé e."

Gbénga fi ojú ara rẹ̀ ṣe fídíò, ó sọ pé irọ́ lòun pa, ó sì tọrọ àforíjì. Ìyá ọkọ Fàthíà, tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wò ó parí. Ó pe ọmọ náà mọ́ra, ó wo imú rẹ̀, ó ní imú òun gan-an ni, òun sì ti mọ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Kò sẹ́ni tó já a ní koro.  Zikrullah di ọmọ náà lọ́wọ́ mú láàárọ̀, ó sìn ín dé inú kíláàsì, ó sì dúró títí olùkọ́ fi dé. Fàthíà jókòó síbi gbohùngbohùn lọ́jọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Ní àgọ́, wọ́n gbé fóònù síwájú Gbénga kó lè rí i pé fídíò náà ti jáde. Ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní Àkùkọ wa lánàá ti ń bú orí rẹ̀, wọ́n bú kóòtù rẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ìyá tó bí i. Ó kà á títí omi fi lé sójú rẹ̀.

"Madam," ó wí, "ìyá mi ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ṣé kò sí òfin tó lè mú àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

"Ó wà," Charity dá a lóhùn. "Òun náà la fi mú ẹ."