Ọjọ́ Tí Wọ́n Ru Páànù Gun Òkè Ìrètí

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìjì náà jà. Àwọn ọmọbìnrin ilé Ọdúntán, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Òkè Ìrètí ń sùn, ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àwọn kékeré ń lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn de ọjọ́ Ajé, nígbà tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Munawwarah, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta, kọ́kọ́ rò pé òjò lásán ni. Ó ní kí wọ́n pa fèrèsé dé. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí igi òrùlé ń dún lókè orí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kò dúró béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí gbogbo wọn ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó sì kó wọn gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá ìjẹun. Òun ló jáde kẹ́yìn, ó pọn Tèmi, ọmọ kíláàsì kìíní tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè gbẹ́sẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tán tí òrùlé ilé Ọdúntán fi ṣí lódindi, tí páànù ń fò káàkiri orí òkè bí ẹni pé ewé ni wọ́n.

Ẹ̀yìn ìlú Iléṣà ni Òkè Ìrètí wà. Láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni ilé-ẹ̀kọ́ girama náà ti wà lórí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń gbé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé òpin rẹ̀. Bí èèyàn bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà níbẹ̀, gbogbo Iléṣà ló máa rí nísàlẹ̀. Àwọn adájọ́ ti jáde níbẹ̀, àwọn dókítà ti jáde níbẹ̀, olùkọ́ tó sì ti ibẹ̀ jáde kò lóǹkà. Bí ọmọ Òkè Ìrètí bá ń kọjá lọ nígboro, àwọn àgbà máa ń mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń kíni.

Bàbá Munawwarah, Àlájì Mùtàlíbù, kì í ṣe ará Iléṣà. Télọ̀ ni, agbádá ló ń rán ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀, àwọn kan ní mọ́sáláṣí bi í léèrè pé ṣé kò rí òmíràn ni. Ó dá wọn lóhùn pé ẹ̀kọ́ lòun ń wá, ibi tó bá sì wà lòun máa lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Òkè Ìrètí. Munawwarah náà kò kẹ̀rẹ̀. Bó bá ti délé fún ìsinmi, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa ń wọ̀ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjì náà, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, Arábìnrin Ẹkúndayọ̀, kó gbogbo wọn jọ sí iwájú ilé tó ti ya náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti sùn nínú ilé Ọdúntán rí nígbà tó wà ní ọmọdé. Kò bá wọn sunkún. Ìtàn ló sọ fún wọn. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí ọ̀nà mọ́tò dé orí òkè. Ọkùnrin ìlú ló ń fọ́ òkúta, obìnrin ló ń pọn omi láti odò ìsàlẹ̀ wá fi po amọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé páànù láti Èkó dé Òṣogbo, àwọn alábàárù Òṣogbo ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé e dé ìdí òkè. Ibẹ̀ ni Olùkọ́ Ọdúntán, ọmọ Iléṣà tó kọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ti kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ gun òkè.

"Wọn ò lówó, kò sì sí ẹni tó fipá mú wọn," ni Arábìnrin Ẹkúndayọ̀ wí. "Orí ni wọ́n fi rù ú."

Ó wá ṣàlàyé pé àwọn tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ra páànù tuntun, ṣùgbọ́n àgbàrá ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì ní lè kọjá ìdí òkè. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá le ni yóò lọ rù ú wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn le. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìjẹun ni wọ́n ń sùn, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, òjò sì ti pa ọ̀pọ̀ ìwé Munawwarah tó fẹ́ fi múra sílẹ̀ de ìdánwò ìwé mẹ́wàá ọdún tó ń bọ̀. Ọláfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tí ilé wọn wà ní Dàda Estate ní Òṣogbo, sọ fún un pé ìyá òun ti bá òun wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tuntun kan. Fáànù wà ní gbogbo yàrá ibẹ̀, omi ẹ̀rọ sì ń yọ nígbà gbogbo. Àyè ṣì kù fún ẹnìkan. Munawwarah ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì ní kí ìyá Ọláfúnkẹ́ bá òun sọ fún bàbá òun. Àlájì gbà, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà.

Munawwarah kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé sunkún ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ojú wọn ni òun kò fẹ́ rí.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé mọ́, ó dúró títí gbogbo wọn fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí páànù, ó gbé àpótí rẹ̀, ó tẹ̀lé ọ̀nà. Kò tíì dé àárín òkè tó fi pàdé wọn tí wọ́n ń gòkè bọ̀, méjì méjì lábẹ́ páànù kan, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Tèmi wà lára àwọn tó wà níwájú.

"Sínyọ̀ Muna, a ti ń wá yín," ni ọmọ náà wí. "A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ipò olórí níwájú ìlà wa. A ní tiyín ni."

Munawwarah dáhùn pé òun fẹ́ lọ pàdé bàbá òun. Wọ́n rò pé aṣọ tó fẹ́ kó ránṣẹ́ sílé ló wà nínú àpótí. Pẹ̀lú ẹrù lórí wọn, wọ́n yà sínú koríko kí ó lè rí ọ̀nà kọjá. Ó kọjá, kò sì wẹ̀yìn.

Àlájì ti dé sídìí òkè nínú takisí tó háyà. Ó bi í léèrè bóyá ó ti dágbére fún ọ̀gá àgbà. Munawwarah ní òun ti dágbére.

"Ó dáa," ni Àlájì wí. "Èmi ò tíì dágbére. Èèyàn kì í tọ́ ọmọ fúnni láti ọdún yìí wá, ká wá gbé e lọ bí ẹni jí ewúrẹ́."

Ó ṣíwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò sí ohun tí Munawwarah lè ṣe ju kó tẹ̀lé e lọ.

Arábìnrin Ẹkúndayọ̀ wà níwájú ilé Ọdúntán, òṣùká ṣì wà lórí òun náà. Àlájì tẹrí ba, ó dúpẹ́ ìtọ́jú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun fẹ́ mú ọmọ òun lọ. Obìnrin náà wo Munawwarah.

"Àlájì, àwa ló yẹ ká dúpẹ́," ló wá wí. "Lọ́jọ́ tí òrùlé yìí ṣí, ọmọ yín ló kó àwọn ọmọdé jáde. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, òkú là bá máa sin."

Àlájì kò tíì gbọ́ èyí rí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé kò lè gbójú sókè, ọ̀rọ̀ náà sì yé e.

"Wọn ò mọ̀ pé ò ń lọ," ló wí. Kò pariwo. "Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, Munawwarah. Bó o bá fẹ́ lọ, a ó lọ, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yẹn."

Àwọn ọmọ náà ti sọ páànù kalẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó.

"Mo fẹ́ sá lọ ni," ni Munawwarah wí fún wọn. "Mo ti di ẹrù mi láti àná. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Tèmi ló béèrè.

"Ṣé torí òrùlé ni?"

Munawwarah fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ilé tó ya, ó wo páànù tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fi orí rù dé ibẹ̀. Ó rántí bó ṣe máa ń fi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà yan kiri Òkè Baálẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn rù lòun ti fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí. Òun fúnra òun kò tíì gbé nǹkan kan gun òkè náà rí, àfi àpótí òun.

Ó ṣí àpótí náà, ó mú ìborùn kan jáde, ó fi ká òṣùká, ó sì padà sọ̀ kalẹ̀ láti lọ ru páànù. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn ní àárín ọ̀nà, ó rí bàbá rẹ̀ tó ti bọ́ agbádá, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú bùbá nìkan.

Ọláfúnkẹ́ ti wà nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i pé kó wá. Munawwarah mi orí pé òun kò lọ mọ́, wọ́n juwọ́ síra wọn, ọkọ̀ náà lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá àti ọmọ jọ wà lábẹ́ páànù kan, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn.

Ohun tó ṣe kò lọ láìsí ìjìyà. Lọ́jọ́ Ajé, Arábìnrin Ẹkúndayọ̀ gba ipò olórí ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Ìwàlẹwà, ọmọ kíláàsì rẹ̀, rọ́pò. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ ń wá olórí wọn láti fi síwájú, kò sí níbẹ̀. Munawwarah sunkún, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ó ń gba ilẹ̀, ó ń pọn omi bí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí àwọn káfíńtà fi kan òrùlé náà tán. Ibà dá a dùbúlẹ̀ ní táàmù yẹn, iṣẹ́ físíìsì sì fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1995 tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi físíìsì, ó sì ní láti tún un ṣe lọ́dún kejì kó tó wọ yunifásítì.

Kò fìgbà kan kábàámọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, á gbé orí sókè, á ní, "Òkè Ìrètí ni." Orúkọ náà ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ti mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó rọrùn kéèyàn máa fi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀ yangàn nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Ọjọ́ tí òrùlé rẹ̀ bá ṣí ni ẹ ó mọ̀ bóyá tiyín ni. Ẹ má sá lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì ti sá, ẹ padà, kí ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ sì gbé ìwọ̀n tí orí yín bá gbà.