Ẹsẹ̀ Wo Lo Fi Tẹ Bíréèkì?

Bí ẹnikẹ́ni bá sùn gbàgbé lọ́jọ́ Ìsinmi ní àdúgbò Bàbá Olúmidé ní Ìsìkàn nílùú Àkúrẹ́, kì í ṣe aago ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jí i. Alùpùpù ni.

Alùpùpù àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá kí a tó gba òmìnira. Bí Akíntóyè, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Olúmidé, bá ti fẹsẹ̀ gbá a, á kọ́kọ́ wúkọ́, á tún wúkọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa dún gbù-gbù-gbù, tí ewúrẹ́ àdúgbò yóò sá kúrò lábẹ́ ògiri. Agnes, ìyàwó rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá níbi tó ti ń wé gèlè.

Kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn alùpùpù yìí ló jókòó sí lọ́jọ́ tí Akíntóyè gbé e kúrò nílé bàbá rẹ̀ ní Yaba l'Óǹdó wá sí Àkúrẹ́. Wọn kò tíì da ọ̀dà sójú ọ̀nà nígbà náà. Eruku pupa bo aṣọ funfun tó wọ̀, ó bo ojú, ó bo eyín pàápàá. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀wẹ̀nà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fọ ojú nínú odò, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Agnes di ọkọ rẹ̀ mú, ó ń rò ó lọ́kàn pé bí ayé bá tán báyìí, òun ò ní bínú.

Kòkó ni Akíntóyè ń yẹ̀ wò fún ìjọba láyé ìgbà yẹn. Bó bá wà ní Ìgbàrà-Òkè lónìí, ó lè wà ní Ọdà lọ́la. Kò sí abúlé tí wọn kò ti mọ ìró alùpùpù rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á ti máa tẹ́ kòkó sílẹ̀ kó tó yọ lọ́nà.

Ó wá di ayé SAP. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà náà kò ní bi mí bí ìlú ṣe le tó. Mílíìkì di ohun tí à ń fi ojú jẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò Akíntóyè wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, adìyẹ ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń yé sí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, oko kòkó tirẹ̀ ní Ọdà ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí Olúmidé, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, gbọ́ pé bàbá òun ń fi ẹsẹ̀ rìn dé oko nígbà mìíràn kí alùpùpù àtijọ́ náà má baà tètè gbó, ó ra alùpùpù tuntun, èyí tí àwọn ará Jàpáánì ṣe, ó fi ránṣẹ́ sí i.

Báyìí ni alùpùpù ṣe di méjì nínú ilé kan. Lọ́jọ́ iṣẹ́, tuntun ni Akíntóyè ń gùn lọ sóko. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Agnes á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní:

"Bàbá Olúmidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tiwa jáde."

"Tiwa" ni wọ́n ń pe ti àtijọ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà pé kí bàbá ju irin yẹn nù, Akíntóyè á dá wọn lóhùn pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, "tiwa" ni wọ́n gùn lọ sí Oǹdó lọ kí àwọn ará ilé Agnes, tí wọ́n sì gùn bọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Akíntóyè gbé tuntun jáde, ó kọrí sí oko. Agnes ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Fọlákẹ́, aládùúgbò wọn tó ń ta ògì, gbé bàsíà rẹ̀ rù, ó ń kọjá sí òdìkejì ọ̀nà.

Agnes rí Fọlákẹ́. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń sáré sún mọ́ ọn. Ó rí i pé ọkọ rẹ̀ ti rí Fọlákẹ́. Ó ń retí kí alùpùpù náà dúró, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kàn pariwo gee, ó ṣì ń lọ.

Nígbà tí Agnes fi máa sáré débẹ̀, ògì ti funfun gbogbo ojú ọ̀nà, Akíntóyè wà nínú gọ́tà, Fọlákẹ́ wà nílẹ̀.

"Yéè! Apá mi o! Ẹ gbé mi lọ ulé!"

Wọn kò gbé e lọ sílé, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Egungun apá rẹ̀ ti kán. Dókítà ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kì í ṣe orí.

Akíntóyè kò farapa púpọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé, "Bíréèkì kò mú! Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò mú!"

Ọ̀kan ní ayédèrú ni wọ́n rà fún un. Òmíràn ní ayé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Agnes ní tirẹ̀ sọ pé:

"Ẹ padà sí tiwa. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé wa, ṣé ó já wa kulẹ̀ rí?"

Ká sọ tòótọ́, inú obìnrin náà dùn díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ìròyìn dé Oǹdó, Oyèníyì, ọ̀rẹ́ Akíntóyè láti kékeré, wá kí wọn. Ọlọ́pàá alálùpùpù ni tẹ́lẹ̀, èyí tó máa ń ṣíwájú mọ́tò àwọn ènìyàn ńlá. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń bá àwọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó kọ́ àwọn ènìyàn ní gígun alùpùpù. Ó kí wọn tán, ó mu omi, ó ní kí wọ́n gbé apààyàn náà wá kí òun rí i.

Ó gùn ún lọ sí ìparí àdúgbò, ó yí i padà, ó sáré bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Agnes pariwo Jésù. Gìrì, alùpùpù náà dúró síwájú rẹ̀, ó dúró sán-ún.

"Bíréèkì yìí mú," ni Oyèníyì wí. "Tóyè, ẹsẹ̀ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹsẹ̀ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní ẹsẹ̀ wo?"

Kí Akíntóyè tó la ẹnu, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti gbéra nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rí i. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì rọra jókòó.

Oyèníyì kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n lára alùpùpù méjèèjì. Lára ti àtijọ́ wọn, bíréèkì ẹsẹ̀ wà lósì, jíà wà lọ́tùn-ún. Lára tuntun, ó yí padà: jíà ló wà lósì, bíréèkì wà lọ́tùn-ún.

"Jíà lo tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìka tó bá tọ́ símú là á fi í romú."

"Mo mọ ibi tó wà!" Akíntóyè fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ṣé mi ò ti ń gùn ún lọ Ọdà ni? N kò ṣì í rí!"

"Orí rẹ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀rù bá dé lójijì, orí kì í ráyè sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ló ń dá ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ sì ti bá ti àtijọ́ gbé láti ìgbà èwe wa. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Gbogbo ohun tí tuntun ń kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀, gígùn ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ fi ń pa á rẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Agnes. "A jẹ́ pé èmi ni, Bọ̀dá. Èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n."

"Kò sẹ́ni tó dá ọ lẹ́bi, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè sin olúwa méjì. Ẹ mú ọ̀kan."

"A mú tiwa," ni Akíntóyè yára wí.

Oyèníyì kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ti àtijọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ taya rẹ̀. Taya náà ti sán bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

"Níbo lo ti máa rí irú èyí rà nínú ayé SAP yìí?" Ó tan iná iwájú. "Èyí kì í ṣe iná mọ́, fìtílà ni. Bíréèkì rẹ̀ á dúró, mi ò sọ pé kò ní dúró, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè. Àyè wà nígbà tí àwa ń gùn ún. Bí lọ́rì kan bá kọjá, o lè jókòó sun iṣu jẹ kí òmíràn tó dé. Ṣé ojú ọ̀nà Oǹdó tòní nìyẹn? Alùpùpù yìí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Tóyè. Ọ̀nà ló yí padà."

Agnes lọ mú àkísà, ó nu àga ẹ̀yìn ti àtijọ́ náà, ó nù ún títí, ó ń sunkún. Nígbà tó nù ún tán, ó ní:

"Bọ̀dá, ẹ máa gbé e lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹni tó ń gùn ún ni mo fẹ́ràn jù."

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan l'Óǹdó ni wọ́n gbé e fún, kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ ẹ́ńjìnì.

Lọ́jọ́ náà gan-an, tọkọtaya lọ bá Fọlákẹ́. Akíntóyè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa mọ́ bíréèkì, ẹsẹ̀ òun ló ṣì í. Fọlákẹ́ wò ó títí.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹsẹ̀ tó ṣì í yẹn, kí ó máa wá bá mi pọnmi ògì títí apá mi yóò fi jinná."

Akíntóyè pọnmi, Agnes sẹ́ ògì. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti tuntun lọ sí pápá ilé ìwé, níbi tí kò sí èrò. Akíntóyè á máa gùn ún yípo. Agnes á dúró láàárín, á ṣe bí ẹni tí kò wò ó, á kàn pariwo lójijì pé, "Ewúrẹ́!" Ọkọ rẹ̀ á sì tẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì ló ń yára. Nígbà tó yá, àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì ń bára wọn du ipò. Oyèníyì, tó ń wá wò wọ́n láti Oǹdó, kò jẹ́ kó padà sí títì àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ipò náà pátápátá.

Ọjọ́ kan sì dé tí wọ́n ń lọ sí Oǹdó, àwọn méjèèjì dé àṣíborí. Ní ìsọdá Ọ̀wẹ̀nà, mọ́tò akẹ́rù kan já wọ títì láti inú igbó láìwo ọ̀tún wo òsì. Agnes kò ráyè pariwo. Alùpùpù náà dúró. Akẹ́rù kọjá lọ. Nígbà náà ni Agnes rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún tòun náà ti tẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ mú alùpùpù, ẹ má fi ìfẹ́ nìkan mú un, ẹ má sì fi dídán nìkan mú un. Bí àtijọ́ bá wù yín, ẹ wò ó bóyá taya rẹ̀ ṣì rọ̀, bóyá iná rẹ̀ ń ríran, bóyá ẹ lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí yín. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí tuntun lẹ rà, jíjẹ́ tuntun rẹ̀ kò ní bá yín tẹ bíréèkì. Ẹ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà lára rẹ̀, kí ẹ fi pápá kọ́ ẹsẹ̀ yín àti ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé e wọ títì. Ẹ má ṣe máa gun oríṣi méjì tí bíréèkì wọn kò sí ní ojú kan náà. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò kí ẹ tó dá irin lẹ́bi tàbí kí ẹ pe orúkọ ayé.

Fọlákẹ́ kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀. Bóyá àtijọ́ ló dára ni o, bóyá tuntun ni, kò bá wọn dá sí i. Síbẹ̀, apá tirẹ̀ ló kán.